Kẹ́ ẹ tó fi akọ ajá gun abo tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe é rárá

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù tí ajá bá ti wọ híìtì, ìyẹn ìgbà tí abo ń wá akọ, ni "ṣé mo lè fi bàbá ẹ̀ gùn ún?" tàbí "akọ tí mo rà pọ̀ mọ́ ọn ńkọ́, ṣebí ìyá kan náà ló bí wọn?" Àwọn kan á tiẹ̀ fi kún un pé ẹranko ò mọ ẹbí, ajá ò mọ èèwọ̀, ká ṣáà jẹ́ kó gùn ún. Òótọ́ ni pé ajá ò mọ̀, àmọ́ ẹ̀yin mọ̀, kọ́kọ́rọ́ kéèjì sì wà lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin Boerboel, Rottweiler, Alsatian, Caucasian, Lhasa, ajá onípẹ́dígírì èyíkéyìí, ìyẹn èyí tó ní pépà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn òbí àti babańlá ẹ̀ sí. Ẹni tó ń sin ehoro tàbí ewúrẹ́ náà lè lo ìṣirò tó wà níbẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáípù. Ẹni tó jẹ́ AS ò ṣàìsàn, ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí AS bá fẹ́ AS, ewu ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan pé ó lè jẹ́ SS. Bó ṣe rí lára ajá náà nìyẹn. Kò sí ajá tí kò gbé irú "AS" kan tàbí òmíì pamọ́ sára, ti ojú lè wà níbẹ̀, ti ọkàn, ti kíndìnrín, ti eegun. Tẹ́ ẹ bá fi àjèjì gun àjèjì, ohun tí eléyìí gbé pa mọ́, ó ṣeé ṣe kí tọ̀ún má gbé e, kò sì ní jáde. Bàbá àti ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Ibì kan náà ni wọ́n ti rí i, tẹ́ ẹ bá wá pa wọ́n pọ̀, àṣírí lè tú lára àwọn ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ajá méjì tára wọn dá ṣáká fi lè bí ọmọ tí kò lè gbé ìdí nílẹ̀.

Ohun kan náà yẹn ló sì ń jẹ́ kí àwọn brídà, ìyẹn àwọn tó ń sin ajá tà, máa ṣe é o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó ṣe ń mú àìsàn jáde ló ṣe ń mú ohun tó dáa náà dúró, àwọ̀, orí, ìwà, bí ajá ṣe ń rìn. Látọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń lò ó. Robert Bakewell, àgbẹ̀ ará Dishley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìbátan gun ìbátan ní nǹkan bí ọdún 1760 sókè títí àgùntàn ẹ̀ fi di ẹran tí gbogbo ìlú ń wá rà. Àwọn Colling, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ṣe é lára màlúù Shorthorn: akọ màlúù kan tó ń jẹ́ Favourite, wọ́n fi gun ìyá tó bí i, ọmọ tí ìyẹn bí, wọ́n tún fi Favourite gun òun náà, ohun tó jáde ni Comet, tí wọ́n bí ní 1804, tí wọ́n sì tà ní 1,000 gínì ní 1810. Ìtàn yìí làwọn kan fi máa ń gbéra. Àmọ́ wọn kì í sọ apá kejì ẹ̀, pé ìdílé Shorthorn tí wọ́n ń pè ní Duchess, tí Thomas Bates fi tiẹ̀ gbajúmọ̀, wọ́n há a mọ́ra wọn títí àwọn abo ibẹ̀ fi ń yàgàn, tí owó ńlá táwọn èèyàn fi rà wọ́n wọmi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀

Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "Mo fẹ́ fi akọ yìí gun abo yìí nítorí pé..." Tí ohun tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ pé òun ló wà nílé, tàbí pé owó stọ́ọ̀dù (owó tí wọ́n ń gbà kí akọ wọn tó gun abo ẹlòmíì) àwọn ará ìta ti wọ́n jù, tàbí pé kọ́sítọ́mà ti ń béèrè pọ́pì fún Disẹ́ńbà, ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti kéèjì yín pa. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyẹn tó jẹ́ ìdí.

Ìdí gidi máa ń rí báyìí: ìbàdí abo yìí dáa, fọ́tò X-ray ẹ̀ nìyí, ara ẹ̀ balẹ̀ láàárín ọmọdé, bàbá bàbá ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ náà, ó gbé ju ọdún mẹ́sàn-án lọ láìtiro, mo fẹ́ kí eegun yẹn àti ìwà yẹn dúró nínú ìdílé yìí. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lèèyàn lè lọ wò fúnra ẹ̀. Orí ńlá nìkan ò tó ìdí lójú tèmi, torí orí ńlá wà lára ajá tí kò bára ẹ̀ tan, owó mọ́tò láti Ìbàdàn sí Èkó lẹ máa fi wá a kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ẹni tó bí ta ni

Ibí yìí ni ìṣòro wa pọ̀ sí jù lọ, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, tẹ́nì kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ajá sínsìn, ohun tó máa ń sọ fún olùtajà ni "ẹ bá mi wá pẹ́à", akọ kan, abo kan. Olùtajà náà á sì mú méjì nínú ọmọ oyún kan náà, á gé díẹ̀ kúrò nínú owó ẹ̀, wọ́n á kó wọn sínú báàgì kan náà lọ sílé. Oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá lẹ́yìn náà abo wọ híìtì, akọ ti dàgbà, inú ọgbà kan náà ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó pè é ní inbreeding, ìyẹn fífi ìbátan gun ìbátan, wọ́n kàn ní "ajá wa ti lóyún". Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni o. Àwọn ọmọ yẹn náà á tún di pẹ́à nílé ẹlòmíì, bó ṣe ń lọ nìyẹn títí dé ìran kẹta, kí ẹnì kan tó wá máa béèrè pé kí ló dé tí abo òun ń bí méjì-méjì tí ọ̀kan sì ń kú.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pẹ́à, kẹ́nẹ̀lì (ibi tí wọ́n ti ń sin ajá tà) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà wọ́n, ẹ sì béèrè bàbá lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, torí kẹ́nẹ̀lì méjì lè wà ní àdúgbò ọ̀tọ̀ kó jẹ́ akọ kan náà ló gun abo wọn. Èyí wọ́pọ̀ gan-an. Tí akọ kan bá ti wọlé láti òkè òkun, tó lórúkọ, tí fọ́tò ẹ̀ wà káàkiri, gbogbo èèyàn ló fẹ́ kó gun abo tiwọn, tó bá fi máa di ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ó ti ṣòro kẹ́ ẹ tó rí ọmọ ajá irú yẹn láàárín ìlú tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú pẹ́dígírì ẹ̀. Ẹ lè máa rò pé àjèjì lẹ gbé wálé, kó jẹ́ ọbàkan abo yín ni.

Pépà náà, ẹ má kàn gbà á gbọ́ torí pé ó ń dán. Pépà tí wọ́n tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wà, èyí tí wọ́n yí orúkọ ajá tó ti kú padà sórí ẹ̀ wà. Ẹ wo nọ́ńbà maikirochip (ohun kékeré tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ awọ ajá) tó wà lórí pépà, kẹ́ ẹ ní kí dókítà ajá fi ẹ̀rọ ka èyí tó wà lọ́rùn ajá, bóyá wọ́n bára mu. Ẹ pe ẹni tó ni bàbá, ẹ bi í pé ṣé lóòótọ́ ni ajá ẹ̀ gun abo yẹn, oṣù wo ni. Oyún ajá kì í jìnnà sí ọjọ́ 63, tí oṣù tó dá ò bá bá ọjọ́ ìbí mu, ẹnì kan ń parọ́ níbẹ̀.

Ẹ ní ìwé tiyín. Ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń tà níwájú ilé ìwé tó: orúkọ, bàbá, ìyá, ọjọ́ ìbí, iye ọmọ, èyí tó kú àti ohun tó pa á, ẹni tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìṣirò

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín, pípín sí méjì ni gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà tá a ń wá ni wọ́n ń pè ní COI (coefficient of inbreeding), onímọ̀ kan ará Amẹ́ríkà, Sewall Wright, ló gbé e jáde ní 1922, ohun tó sì ń sọ ni bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ohun kan náà láti ara babańlá kan náà máa bá ọmọ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ wá ajá tó wà lẹ́yìn bàbá tó sì wà lẹ́yìn ìyá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí akọ, ẹ gòkè lọ bá babańlá yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé orí abo, kẹ́ ẹ ka gbogbo ajá tẹ́ ẹ bá kọjá, akọ wà níbẹ̀, abo wà níbẹ̀, babańlá náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ mú 1, kẹ́ ẹ pín in sí méjì níye ìgbà tẹ́ ẹ kà. Tí babańlá tí wọ́n jọ ní bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ṣe ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní abo yín ń jẹ́ Sheba, Bruno ni bàbá ẹ̀, Bella ni ìyá ẹ̀. Ẹnì kan ní Òṣogbo ní òun ní akọ kan, Max, bàbá Max ni Danger, Bruno ló sì bí Danger. Ẹ kà á: Max, Danger, Bruno, Sheba, mẹ́rin ni. 1 pín sí méjì lẹ́ẹ̀mẹrin, ìdá kan nínú 16, ìyẹn 6.25%. Ẹ má tíì dúró síbẹ̀. Ẹ wo ìyá Danger, Queen lorúkọ ẹ̀. Ẹ wo ìyá Bella, Queen náà ni. Ẹ tún kà á: Max, Danger, Queen, Bella, Sheba, márùn-ún, ìdá kan nínú 32, 3.125%. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 9.375%. Ẹni tó wo apá bàbá nìkan á ti rò pé 6 ni gbogbo ẹ̀. (Tí Bruno tàbí Queen fúnra wọn bá ti jẹ́ ọmọ ìbátan-gun-ìbátan, nọ́ńbà yẹn á tún lọ sókè sí i.)

Àwọn tó wọ́pọ̀ rèé kẹ́ ẹ má bàa máa ṣírò lójoojúmọ́:

- bàbá àti ọmọ, ìyá àti ọmọ, ọmọ ìyá ọmọ bàbá: 25%
- ọbàkan tàbí ìyekan: 12.5%
- bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ: 12.5%
- àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá pẹ̀lú ọmọ: 12.5%
- ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò: 6.25%

Nǹkan pàtàkì kan: ìran mélòó lẹ kà? Pépà ìran mẹ́ta, ajá 14 péré ló wà lórí ẹ̀. Ìran márùn-ún, ajá 62. Ẹni tó ní "COI ajá mi 0" tó jẹ́ pé ìran mẹ́ta ló kà, kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ kà á dé márùn-ún ó kéré tán. Ẹni tó bá lágbára sì lè ṣe tẹ́ẹ̀sì DNA, wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá náà, wọ́n á fi ránṣẹ́, ohun tó bá jáde níbẹ̀ ò wo ojú pépà. Lọ́dún 2021 àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Davis gbé èsì irú tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ jáde lórí ẹ̀yà ajá tó lé ní 200, agbedeméjì gbogbo ẹ̀ sún mọ́ 25%. Ẹ tún un kà o. Ẹ̀yà tí wọ́n ti ń há mọ́ra wọn láti ọgọ́rùn-ún ọdún, ajá méjì tẹ́ ẹ pè ní àjèjì síra wọn nínú ẹ̀ ti dà bí ọmọ ìyá tẹ́lẹ̀. Orí ìyẹn lẹ máa tún gbé tiyín lé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fa ilà yín

Tèmi nìyí, ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi jiyàn. Tí nọ́ńbà ìran márùn-ún ò bá dé 6.25%, tí ara àwọn méjèèjì sì dá, ẹ máa lọ. Láàárín 6.25 sí 12.5, àfi tí ìdí tẹ́ ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní bá lágbára, tẹ́ ẹ sì ní èsì tẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́. 25%, rárá. Ẹ̀mí ọmọ ajá mẹ́jọ ò yẹ lóhun tá a fi ń dán nǹkan wò. Èmi nìkan kọ́ ló sì rí i bẹ́ẹ̀, Kennel Club ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tó ń kọ orúkọ ajá sílẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1873, láti 2009 wọn ò kọ orúkọ ọmọ tí bàbá bá bí fún ọmọ ẹ̀, tí ìyá bí fún ọmọ ẹ̀, tàbí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bí, àyàfi tí ìdí pàtàkì tó jẹ mọ́ ìlera bá wà.

Àwọn kan á ní linebreeding, ìyẹn fífi ìbátan tó jìnnà díẹ̀ gun ara wọn, làwọn ń ṣe, pé ìyẹn kì í ṣe inbreeding. Nọ́ńbà ò mọ orúkọ tẹ́ ẹ pè é. Bàbá àgbà sí ọmọ-ọmọ, 12.5% ni, ì báà jẹ́ line ì báà jẹ́ in.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ ara wọn wò, àwọn méjèèjì

Bó bá ti kan ìbátan, àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ajá ńlá, ẹ ya X-ray ìbàdí àti ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀. OFA, àjọ tó ń yẹ eegun ajá wò ní Amẹ́ríkà, kì í fún ajá ní sáfíkéètì ìbàdí tí kò bá tíì pé oṣù 24, ìyẹn tó kẹ́ ẹ mọ̀ pé abo ọmọ oṣù mẹ́wàá ò tíì tó gùn rárá. Ẹ béèrè X-ray ní ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, Ìbàdàn ní, FUNAAB Abẹ́òkúta náà ní.

Ẹ wo ìpéǹpéjú: ṣé ó ká wọnú tí irun ẹ̀ fi ń ha ẹyinjú? Ẹ fọwọ́ kan ẹpọ̀n akọ: méjèèjì gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ẹyọ kan ò tó, ajá ẹlẹ́pọ̀n kan kì í ṣe ajá tí wọ́n ń fi gun nǹkan, ó ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀. Fún Alsatian, tẹ́ẹ̀sì DNA wà fún àìsàn tó máa ń rọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá tó bá ti dàgbà, tó bá fi máa jáde lójú, ajá yẹn ti bímọ káàkiri, ẹ̀ ń gbọ́ mi?

Tí tẹ́ẹ̀sì bá ní ajá yín gbé àìsàn kan pamọ́, ẹ má sáré sọ pé òun ò ní bímọ mọ́ láyé. AS lè fẹ́ AA. Ẹ wá ẹni tí kò gbé e, kẹ́ ẹ fi gùn ún, kẹ́ ẹ wá tẹ́ẹ̀sì àwọn ọmọ. Tá a bá ń ju gbogbo ajá tó gbé nǹkan pamọ́ nù, ìwọ̀nba tó kù á tún wá há mọ́ra wọn, a ò tíì ṣe nǹkan kan nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá ẹ̀jẹ̀ tuntun kó tó pẹ́ jù

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé àtúnṣe ẹ̀ yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ajá tí COI tiẹ̀ jẹ́ 25%, tẹ́ ẹ bá fi ajá tí kò bá a tan rárá gùn ún, COI àwọn ọmọ wọn á já sí 0 ní ìwọ̀n ìran tẹ́ ẹ kà yẹn, torí ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá bàbá àti ìyá bára wọn tan, kò kan bí ìyá fúnra ẹ̀ ṣe há tó. Ìran kan péré. Torí náà ẹni tó bá ti ra pẹ́à ọmọ ìyá kan náà tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà, ẹ má kó wọn dànù, ẹ kàn wá ọkọ àti ìyàwó síta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin brídà mẹ́ta mẹ́rin láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀, Ìbàdàn, Akúrẹ́, Ìlọrin, Abẹ́òkúta, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ akọ, kẹ́ ẹ sì jọ fohùn ṣọ̀kan pé akọ kan ò ní gun ju iye báyìí lọ.

Ẹ̀yà odidi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo Dalmatian tó ní pépà nígbà kan ló gbé ìṣòro ìtọ̀ kan tó máa ń di òkúta sínú àpòòtọ̀, kò sí ẹyọ kan tó mọ́ tí wọn ì bá fi gun àwọn yòókù. Ní 1973 Robert Schaible ní Amẹ́ríkà fi Pointer kan gun Dalmatian lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wá ń dá àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ Dalmatian láti ìran dé ìran títí tí kò fi sí ìyàtọ̀ lójú mọ́, àmọ́ ìtọ̀ wọn ti dáa. Àwọn onípépà bá a jà ọjọ́ pẹ́, wọ́n ní ó ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó di 2011 kí American Kennel Club tó gbà wọ́n wọlé. Èyí tó tún wù mí jù ni ti Basenji, torí ajá ilẹ̀ Áfíríkà wa ni, láti Kóńgò ni wọ́n ti kó ìwọ̀nba díẹ̀ lọ sí òkè òkun, ìwọ̀nba yẹn náà ni wọ́n ń há mọ́ra wọn títí àìsàn kíndìnrín tí wọ́n ń pè ní Fanconi fi gbilẹ̀ láàárín wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n padà wá sínú igbó Kóńgò, wọ́n mú ajá ọdẹ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, ní 1990 wọ́n ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún wọn. Ajá abúlé ló wá gba onípépà là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ajá ìbílẹ̀ ṣẹ̀sín, ẹ rántí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: tí wọ́n bá ti bí wọn

Ẹ ra síkéèlì kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà. Ẹ so òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ọrùn wọn, kó má fún wọn o, kẹ́ ẹ máa wọ̀n wọ́n láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Pọ́pì tí ara ẹ̀ dá máa ń wúwo sí i lójoojúmọ́, tó bá fi máa di ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ìwúwo ẹ̀ á ti di ìlọ́po méjì ti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Èyí tó dúró sójú kan fún ọjọ́ kan gbáko, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi ìka kékeré ṣí ẹnu ẹ̀, ẹ wo òkè ẹnu: tó bá là láàárín, wàrà á máa gba imú ẹ̀ jáde. Ẹ wo ìdodo, ẹ ka ìka ẹsẹ̀, ẹ wo ìrù. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ fọwọ́ kan ẹpọ̀n àwọn akọ.

Iye tí wọ́n bí náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí lára abo Golden Retriever ní Amẹ́ríkà, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2019, rí i pé tí COI abo fi 10% ju ti èkejì ẹ̀ lọ, ó tó ọmọ kan tó máa ń dín nínú ohun tó ń bí. Tí abo yín tó máa ń bí mẹ́sàn-án bá bí mẹ́rin fún akọ ìbátan ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ má pè é ní iṣẹ́ ayé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára páfò àti dísítẹ́ńpà, àwọn àìsàn tó ń pa ọmọ ajá, ẹ má fi falẹ̀ fún irú àwọn ọmọ báyìí, torí ara tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ há kì í ní ohun ìjà púpọ̀.

Ẹ ti gbọ́dọ̀ pinnu kí akọ tó gun abo pé kí lẹ máa ṣe sí ọmọ tó bá ní àbùkù. Ta ló máa gbà á, ta ló máa sanwó iṣẹ́ abẹ? Tẹ́ ẹ ò bá ní ìdáhùn, ẹ ò tíì ṣetán. Kì í ṣe kẹ́ ẹ gbé e sójú títì, kì í sì í ṣe kẹ́ ẹ tà á ní ọ̀pọ̀ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n ti já wọnú ara wọn láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ ńkọ́? Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, oògùn wà tó lè dá oyún dúró, àmọ́ ẹ má lọ ra abẹ́rẹ́ lọ́jà fúnra yín, àwọn abẹ́rẹ́ àtijọ́ kan wà tó máa ń ba ilé ọmọ abo jẹ́, tó sì lè pa á. Tí abo bá tún wọ híìtì, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, ilé ọ̀tọ̀, wáyà kéèjì nìkan ò tó, akọ máa gbẹ́ ilẹ̀ tàbí kó fò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á

Tí pọ́pì bá jẹ́ ọmọ ìbátan méjì, ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó sanwó. Ẹ má dúró dìgbà tó bá bi yín. "Bọ̀dá, bàbá àgbà ìyá ẹ̀ ló bí i, COI ẹ̀ jẹ́ báyìí, X-ray àwọn òbí ẹ̀ rèé, tẹ́ ẹ bá máa fi gùn lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀jẹ̀ tó jìnnà ni kẹ́ ẹ wá." Ẹlòmíì á yí padà, á lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ, èyí tó dúró ló máa padà wá rà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì pẹ̀lú, kẹ́ ẹ fi kún un pé tó bá ní àìsàn àbínibí, ẹ̀ ń gbà á padà. Tẹ́ni náà bá ní òun fẹ́ pẹ́à, ẹ ta ẹyọ kan fún un, kẹ́ ẹ fún un ní nọ́ńbà kẹ́nẹ̀lì míì tí kò bá tiyín tan, kó lọ ra èkejì níbẹ̀.

Ẹ máa pè wọ́n. Lọ́dún kan, lọ́dún méjì, lọ́dún márùn-ún, ẹ pe gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yẹn: ṣé ó ń rìn dáadáa, ṣé ojú ẹ̀ dáa, ṣé ó wà láyé? Èsì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sí iwájú orúkọ bàbá àti ìyá. Tí méjì nínú wọn bá ní àìsàn kan náà, ẹ ò gbọ́dọ̀ pa akọ yẹn àti abo yẹn pọ̀ mọ́, kẹ́ ẹ sì pe gbogbo ẹni tó ti lo akọ náà kẹ́ ẹ sọ fún wọn, títí kan ẹni tẹ́ ẹ jọ ń du kọ́sítọ́mà.